Hóró Oògùn Kejì

Ọmọ Ìsàbà ni Eugénie, ọmọ Ọdẹ́wálé àgbẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbìn, ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀ tó ń kọ. Nígbà tí àwọn fadá wá ń tọrọ ọmọ fún ilé-ìwé wọn, ọmọkùnrin ni gbogbo ilé ń yọ̀ǹda. Ọdẹ́wálé kò ní ọmọkùnrin tó tó ilé-ìwé lọ lọ́dún náà, ló bá ní kí wọ́n máa mú Eugénie lọ. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò lo ju ọdún méjì lọ níbẹ̀. Ó kàwé náà débi pé àwọn sísítà ní Àjàṣẹ́ kọ́ ọ ní iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira, tí àwọn olùkọ́ Faransé ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọba ń wá ẹni tó lè dúró níwájú ọmọ bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún kejì òmìnira ni wọ́n fi Eugénie sí Sakété.

Ó ti fẹ́ Basile nígbà náà, akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Pobẹ̀. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà Sakété. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ọkọ rẹ̀, á sì padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ohun tí àwọn òbí fi mọ̀ ọ́n ni pé kíláàsì rẹ̀ máa ń dákẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú títì á gbọ́ àwọn kíláàsì tó kù bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, àmọ́ bó bá dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì kan, nínú kíláàsì ìkẹyìn tí wọ́n ti ń jókòó ìdánwò sàtífíkà. Eugénie kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí yangàn nínú ara rẹ̀.

Ràúdátù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Àdìó bàbá rẹ̀ ń ṣòwò aṣọ láàárín Sakété àti Àjàṣẹ́, Ṣàkírátù ìyá rẹ̀ sì ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì. Àwọn ìdílé mùsùlùmí oníṣòwò bí tiwọn kì í sábà fi ọmọbìnrin sí ilé-ìwé ìjọba láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n Àdìó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà tí wọ́n ń fi Faransé kọ sí i. Orí ọmọ náà sì pé. Ìṣirò tí àwọn yòókù ń fi ìka kà, ó kàn máa ń gbójú sókè wo páànù òrùlé ni, ìdáhùn á sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé lóṣù kẹwàá ọdún 1964, ọmọ náà kì í ṣe ẹni àná mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí Eugénie bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, tó bá bojú wẹ̀yìn, á rí i tó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n ń pè. Ìborí rẹ̀ tí kì í ní àbààwọ́n tẹ́lẹ̀ ti ń dọ̀tí. Eugénie rò pé ọ̀rọ̀ ọmọge ni. Ó bá a wí. Nígbà kẹta, ó ní kó lọ kọjú sí ògiri títí agogo fi lù. Kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Tí ènìyàn bá ní kí òun máa bi ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ń ya òbìrí. Olúkúlùkù mú kọ̀npá rẹ̀ dání, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú ṣóńṣó. Ọmọ́báyọ̀, ọmọbìnrin Ládiípọ̀ tó ń dáko ní Takọ̀n, ló jókòó ti Ràúdátù. Ó nawọ́ kọjá níwájú rẹ̀ kí ó lè mú rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́.

Ràúdátù figbe ta: “Ẹ ní kó dákẹ́! Ẹ ní kó dákẹ́!”

Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Kí Eugénie tó yíjú padà, irin ti gún Ọmọ́báyọ̀ lábẹ́ ojú ọ̀tún. Àwọn ọmọ ń gba ojú fèrèsé fò jáde. Ràúdátù fúnra rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì ń kán sórí òbìrí tó ń yà lọ́wọ́.

Ọgbẹ́ náà kò dé ẹyin ojú. Àmọ́ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Ládiípọ̀ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara igi lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Eugénie lẹ́rù jù.

Ó ní, “Màdáàmù, ojú méjì ni ọmọ mi ní nígbà tí mo fi lé yín lọ́wọ́. Ojú méjì náà ni mo fẹ́ kó máa gbé bọ̀ wálé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá Ọmọ́báyọ̀. Lójú mi ló ṣe ṣẹlẹ̀.”

“N ò bínú. Ohun tí mo fẹ́ ni mo sọ yẹn.”

Mùsíyé Bonaventure, dìrẹ́tọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, lé Ràúdátù lọ sílé lọ́jọ́ náà. Eugénie kò bá a jiyàn. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó rí àyè ọmọ náà tó ṣófo lórí bẹ́ńṣì.

Nílé Àdìó, wọ́n pe àfáà, wọ́n kọ hàntú sára wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ fún ọmọ náà mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí i tó ń rìn lórí irin ojú ọ̀nà ọkọ̀, ó kọ orí sí ọ̀nà Pobẹ̀, ó ní wọ́n ní kí òun máa bọ̀. Ìgbà náà ni Ṣàkírátù mú un lọ bá Séverin ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Sakété. Gbogbo ìlú ń pe Séverin ní dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùtọ́jú aláìsàn ni. Ó wo ọmọ náà, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì kọ lẹ́tà sí dókítà kan ní Kutọnu tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ìyá àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ méjìlélógún ni wọ́n lò.

Hóró oògùn ni wọ́n kó bọ̀: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, lójoojúmọ́, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú oòrùn. Nígbà tí oṣù kìíní fi máa parí, ohùn náà ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Àdìó ní ọmọ òun gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì dìrẹ́tọ̀: Àdìó, Ládiípọ̀, Séverin, Bonaventure àti Eugénie.

Séverin ní, “Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Ó ní oògùn.”

Ládiípọ̀ dá a lóhùn: “Ibà kì í fi irin gún ọmọ ọlọ́mọ.”

Àdìó, tí gbogbo ọjà ń bọ̀wọ̀ fún, tẹ orí ba. Ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni wọ́n gún, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.”

Eugénie ló wá lanu. Ó ní òun yóò máa gba gbogbo kọ̀npá lọ́wọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, òun yóò máa kà wọ́n sínú agolo mílíìkì, agolo náà yóò sì máa wà lọ́dọ̀ òun. Ràúdátù yóò dá jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òun, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́báyọ̀ yóò wà lẹ́yìn pátápátá.

Séverin ní ohun kan tún wà. Ọmọ náà máa ń fi hóró òwúrọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, bí ìyá rẹ̀ bá yíjú, á tu ú dànù. Ó nílò ẹni tí yóò bẹ̀rù.

Eugénie ní, “Ẹ fún mi. Èmi yóò máa fún un.”

Ládiípọ̀ ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n mo máa máa wá wo agolo kọ̀npá yẹn.” Òótọ́ sì ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá gbé ẹrù wá sọ́jà Sakété, á yà, á ka kọ̀npá, á kí Màdáàmù, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan ń lọ déédéé. Láàárọ̀, Eugénie á mú hóró kan nínú agolo kékeré tí Séverin fi oògùn sí fún un, Ràúdátù á gbé e mì, á la ẹnu, Eugénie á wo abẹ́ ahọ́n. Ọmọ náà ti di ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹni pé adìyẹ ló tàn án. Ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, ìgbà gbogbo ló ń tọrọ àyè lọ mumi. Àmọ́ kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Kíláàsì padà sí bí ó ti wà, inú Eugénie sì dùn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo agolo oògùn náà bí ẹni ń wo kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn: ohun tó ń tì í nìyẹn, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ òun rọrùn.

Nínú oṣù kẹta, ìròyìn dé pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú, ara Ràúdátù kò lélẹ̀. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀mẹta láìtọrọ àyè. Bonaventure gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó rí i.

Ó pe Eugénie sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Màdáàmù, ọ̀la kò gbọdọ̀ rí bí òní o.”

“Mo gbọ́, Mùsíyé.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Eugénie fún ọmọ náà ní hóró kan. Ó wo abẹ́ ahọ́n. Ràúdátù padà sí àyè rẹ̀, ó tún yí orí sí ògiri, ètè rẹ̀ ń mì. Eugénie wo aago, ó wo pátákó tó ti fi ẹfun aláràbarà kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí, ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi aṣọ mímọ́ jókòó. Ó tún agolo oògùn ṣí.

“Ràúdátù, wá. Gbé èyí náà mì.”

Ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Màdáàmù, ọ̀kan ni wọ́n ní.”

“Mo mọ̀. Gbé e mì.”

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ó gbé e mì, ó la ẹnu láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Alábẹ̀wò kò tètè dé. Bonaventure kó gbogbo ilé-ìwé sídìí òpó àsíá kí wọ́n lè kọrin kí i. Aago mẹ́sàn-án kọjá, àbọ̀ lù, oòrùn ti ń ta. Ọmọ ń fi ìwé bo orí. Eugénie dúró sẹ́yìn àwọn tirẹ̀, ó ń rántí pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dúró nínú oòrùn, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ náà á yọ láìpẹ́. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Ràúdátù ṣubú. Kò tilẹ̀ na ọwọ́ kó fi gba ara rẹ̀. Ó ṣubú gbọọrọ bí igi tí wọ́n gé, orí rẹ̀ sì lu òkúta tí wọ́n tò yí òpó ká.

Wọ́n gbé e sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n wọ́n omi sí i lójú, Eugénie ń pè é, kò jí. Séverin fi kẹ̀kẹ́ dé, òógùn bò ó. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó dẹ etí sí àyà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí àpò kan.

“Mélòó ló gbé mì láàárọ̀ yìí?”

Bonaventure tètè fèsì: “Ọ̀kan, bí ìṣe rẹ̀. Oòrùn ló mú un.”

Séverin kò wo dìrẹ́tọ̀. Eugénie ló ń wò.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè gba Eugénie là ni dìrẹ́tọ̀ ti sọ tán, kò ju kí ó dákẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ó sì mọ dídákẹ́ ṣe.

Ó ní, “Méjì. Èmi ni mo fún un.”

Séverin pe ọkùnrin méjì, wọ́n fi àkéte gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ alábẹ̀wò yọ. Eugénie kọ́ ẹ̀kọ́ tó ti múra sílẹ̀. Bí ó ṣe kọ́ ọ, kò lè sọ ọ́ títí dòní. Alábẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kíláàsì náà wà létòlétò, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ yẹ kí àwọn mìíràn fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ràúdátù tó la ojú dáadáa. Eugénie lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Bonaventure ti dá a lẹ́kun lọ́nà: kí ló fẹ́ lọ sọ? Ọmọ ti jí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti tán, kí ènìyàn má tú u mọ́. Ó dá a lóhùn pé òun gbọ́, ó sì ń lọ.

Ṣàkírátù jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ọmọ rẹ̀ tó wú. Eugénie kúnlẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ gbé e dìde, nítorí olùkọ́ kì í kúnlẹ̀ fún òbí ní Sakété, ṣùgbọ́n Eugénie kò jẹ́.

“Ìyá Ràúdá, kì í ṣe oòrùn nìkan. Hóró méjì ni mo fún un. Mo fẹ́ kó dákẹ́ nítorí alábẹ̀wò. Ó sọ fún mi pé ọ̀kan ni, mo sì ní kó gbé e mì.”

Ṣàkírátù fi aṣọ sínú omi, ó fún un, ó tún gbé e lé iwájú orí ọmọ.

“Èmi náà ti ṣe é rí,” ló wí. “Lọ́jọ́ ìkómọ nílé àbúrò bàbá rẹ̀. Àlejò pọ̀, n ò fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣe. Ó sùn títí ayẹyẹ fi tán.” Ó gbójú sókè. “Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ̀, Màdáàmù. Èmi ni mo máa tọ́jú rẹ̀ títí. Ẹ bá mi mú agolo oògùn yẹn wá.”

Eugénie lọ mú un wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, ó fi lé Bonaventure lọ́wọ́. Bonaventure kà á, ó ká a, ó fi sínú àpótí tábìlì rẹ̀, kò sì fi ránṣẹ́. Eugénie mọ̀. Kò bi í.

Séverin kọ̀wé sí Kutọnu, dókítà sì dín ti òwúrọ̀ kù sí ìdajì hóró. Láti ìgbà náà, Ṣàkírátù fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ wá láàárọ̀, á fún un ní ìdajì náà lójú gbogbo ayé, á sì bá tirẹ̀ lọ sídìí òwú. Eugénie ní kí Ràúdátù máa dojú ìwé rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì bí ohùn náà bá ti ń bọ̀, kó sì máa jáde lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò láìtọrọ àyè. Àwọn ọmọ tó kù kọ́kọ́ kùn sí i. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sílẹ̀. Kíláàsì náà kò dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí ojú Eugénie ti pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lábẹ́ igi. Ẹni tó ń kọjá lójú títì lè gbọ́ ariwo. Ọmọ́báyọ̀ kò jókòó nítòsí Ràúdátù mọ́ láé, kò sì sẹ́ni tó fipá mú un. Àpá kékeré kan kù lábẹ́ ojú rẹ̀. Ládiípọ̀ ka kọ̀npá títí ọdún fi parí.

Lóṣù kẹfà, wọ́n jókòó ìdánwò. Ọmọ́báyọ̀ yege. Ràúdátù gba ìṣirò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kò lè bá àpèkọ lọ, ó sì fìdí rẹmi. Kò padà wá mọ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òwú, ó ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí bàbá rẹ̀ fún bàbá náà. Àìsàn náà tún dìde lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìgbà kan nítorí pé oògùn kò tètè dé láti Kutọnu, ìgbà kan láìnídìí tí ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n gbé Eugénie lọ sí Pobẹ̀ ní 1967, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó bí ọmọ méjì. Ní 1968, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Pobẹ̀ láti lọ kó ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Sakété, Ràúdátù àti ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n ń lọ gba oògùn. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti sanra díẹ̀, ó fi ìborí aláwọ̀ ewé bo orí. Ó kúnlẹ̀ kí i kó tó jókòó sójúkojú rẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn náà ni Ràúdátù dédé sọ pé:

“Màdáàmù, ọjọ́ àsíá yẹn, mo ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ ń pè mí, àmọ́ ó jìn, bíi pé èmi wà nísàlẹ̀ kànga tí ẹ̀yin wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Ẹnu mi ò gbé e.”

Eugénie kò lè wò ó lójú. “Ṣé o bínú sí mi?”

Ràúdátù rò ó dáadáa, bó ṣe máa ń gbójú sókè nígbà tí ìṣirò bá le. “Mo bínú nígbà yẹn. Mo bínú sí yín gan-an. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ mọ iye tó yẹ.” Ó yán. “Ní báyìí, oorun ló ń kùn mí. Hóró àárọ̀ yìí ni.”

Ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò láàárín oko ọ̀pẹ, ó ti sùn. Ṣàkírátù tún ìborí rẹ̀ ṣe kí oòrùn ojú fèrèsé má bàa kan awọ ara rẹ̀. Eugénie dìde, ó bá a fa pákó tí wọ́n fi ń bo fèrèsé náà wálẹ̀, ó sì padà jókòó.